Irọ́ orí fóònù, ọ̀rọ̀ ìkórìíra àti òfin: ohun tí àwọn ará àdúgbò wa ní Ìkòròdú ń béèrè

Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ onílé ní àdúgbò wa, èmi náà ni wọ́n sì fi ṣe ádímìn gírúùpù WhatsApp ẹgbẹ́, iṣẹ́ tí kò ní owó oṣù tí kò sì ní ọjọ́ ìsinmi. Lóṣù tó kọjá, ẹnì kan ju ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ sí gírúùpù ní ìdájí, pé àwọn àjèjì kan ti kóra jọ, wọ́n ń bọ̀ wá gba ilẹ̀ wa lálẹ́ ọjọ́ náà. Kò sẹ́ni tó wá. Ṣùgbọ́n ìyá tó ń ta tòmátì ní ìkóríta, tí kì í ṣe ọmọ Yorùbá, kò pàtẹ fún ọjọ́ mẹ́ta. Nígbà tá a ṣèpàdé, ìbéèrè bò mí. Àwọn tí mo lè dáhùn ló wà nísàlẹ̀ yìí. Èmi kì í ṣe lọ́yà o, ṣùgbọ́n mo ti jókòó ti ìwé òfin náà, mo sì ti bi àwọn tó mọ̀ ọ́n.

Ṣé gbogbo irọ́ náà ni ọ̀rọ̀ ìkórìíra?

Rárá. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2014, lẹ́yìn tí Ebola wọ Èkó, fóònù ń dún kiri ilé lóru ọjọ́ kan: ẹ fi omi iyọ̀ wẹ̀, ẹ mu ún, kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló pè mí láti Ẹ̀bùtè. Ìfẹ́ ló fi pè mí. Bẹ́ẹ̀ irọ́ gbáà ni, iyọ̀ yẹn sì pa èèyàn lórílẹ̀-èdè yìí. Ẹ̀gbọ́n mi ò kórìíra ẹnikẹ́ni. Ó gbọ́, ó gbà á gbọ́, ó sọ ọ́. Ọ̀tọ̀ ni ẹni tó mọ̀ pé irọ́ ni, tó fara balẹ̀ hun ún kó lè fi da ìlú rú. Ọ̀rọ̀ ìkórìíra tún yàtọ̀ sí méjèèjì, torí ó lè má sí irọ́ kankan nínú ẹ̀. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń mú ẹ̀yà èèyàn, ẹ̀sìn rẹ̀ tàbí ibi tí wọ́n ti bí i, ó ń sọ ọ́ di ẹ̀sùn sí i lọ́rùn. "Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nìyẹn." Ta ló fẹ́ wádìí ìyẹn wò?

Nígbà wo wá ni irọ́ ń pàdé ìkórìíra?

Nígbà tí irọ́ bá ti ní ojú tí wọ́n lè nàka sí. Ẹni tó bá gbé Ìkòròdú láàárín 2016 sí 2017 ò ní kí n ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣàlàyé. Ẹgbẹ́ apànìyàn Badoo wà lóòótọ́: wọ́n ń wọlé lóru, wọ́n ń fi ọmọ ọlọ pa èèyàn lójú oorun, ìgbà mìíràn odidi ìdílé. Ìbẹ̀rù wa kì í ṣe irọ́. Irọ́ tó gun ìbẹ̀rù yẹn lẹ́yìn ni mò ń sọ. Ojoojúmọ́ ni bródíkáàsì ń wọlé: wọ́n ti rí wọn ní Ìgbógbó, wọ́n ti ń bọ̀ ní Ìjẹ̀dẹ̀, aṣọ ìnujú funfun ló máa ń wà lọ́wọ́ wọn, wọn kì í gbọ́ Yorùbá dáadáa. Ẹ tún gbólóhùn ìkẹyìn yẹn kà. Ta ló mọ̀ bẹ́ẹ̀? Ẹnikẹ́ni ò mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ kan tá a ń ṣọ́ òde, tí táyà ń jó ní ìkóríta, ọkùnrin kan yọ láti ọ̀nà Sábó, ó há àpò sìmẹ́ǹtì òfìfo kan mọ́ abíyá. Wọ́n ní kó tú u. Ọmọ ọlọ ló bọ́ sílẹ̀. Gbogbo wa dákẹ́, iná táyà nìkan là ń gbọ́. Ni ẹnì kan bá ní, "Ẹ bi í lórúkọ!" Ó dáhùn, Yorùbá rẹ̀ ń ta kókó, torí ọmọ Ìgèdè láti Benue ni, bíríkìlà ni. Bí wọ́n ṣe gbọ́ ohùn yẹn báyìí, ọ̀rọ̀ ti parí lójú wọn. Ọmọkùnrin kan tí mo mọ bàbá rẹ̀ ti ń ṣí ìdérí bẹntiróòlù. Ìyá alákàrà ló já wọ àárín àwọn géńdé náà, ìró nìkan ló so mọ́ àyà, ó ń pariwo pé, "Ayálégbé mi ni! Èmi ni mo rán an lọ́lọ! Ọlọ tèmi ni!"

Àwọn mìíràn ò rí ìyá alákàrà tiwọn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù keje ọdún 2017, èrò pa aláwàdà kan àtàwọn tó bá a rìn, ní Ìkòròdú níbí, wọ́n ní Badoo ni wọ́n. Wọn kì í ṣe Badoo. A máa ń sọ pé bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo lòtítọ́ máa bá a. Ó bá a lóòótọ́. Ìdí ibojì ló bá a.

Ṣé ìlú tiwa nìkan ni?

Kì í ṣe tiwa nìkan. Ní Plateau, ní oṣù kẹfà ọdún 2018, àwòrán òkú àti fídíò ń jà ràn-ìn lórí Facebook bí ìjà ṣe ń lọ láàárín àwọn ẹ̀yà níbẹ̀. Ọ̀kan nínú fídíò náà, Congo-Brazzaville ni wọ́n ti yà á, ní 2012. Àwọn tó wò ó, tí wọ́n sì torí ẹ̀ jáde sójú títì, ò mọ̀. Ní Rwanda lọ́dún 1994, rédíò ló ṣe iṣẹ́ tí fóònù ń ṣe lónìí. Rédíò RTLM ń pe àwọn Tutsi, ẹ̀yà tí wọ́n ń pa nípakúpa, ní aáyán. Nígbà tó di 2003, ilé ẹjọ́ àgbáyé tí wọ́n gbé kalẹ̀ fún ọ̀rọ̀ Rwanda dá àwọn ọ̀gá mẹ́ta nídìí iṣẹ́ ìròyìn lẹ́bi. Ẹ kíyè sí i pé wọn ò gbé idà.

Òfin wo ló wà ní Nàìjíríà?

Òfin pọ̀. Èyí tí ọlọ́pàá máa ń fà yọ jù ni Òfin Ìwà Ọ̀daràn Orí Ẹ̀rọ Ayélujára tí wọ́n ṣe ní 2015, tí wọ́n sì tún ṣe ní oṣù kejì ọdún 2024. Abala 24 dá lórí ẹni tó bá fi ohun tó mọ̀ pé irọ́ ni ránṣẹ́, tí èrò ọkàn rẹ̀ sì jẹ́ láti da òfin àti ètò ìlú rú, tàbí láti fi ẹ̀mí èèyàn sínú ewu. Ìjìyà rẹ̀ ò ju ẹ̀wọ̀n ọdún 3 tàbí owó ìtanràn mílíọ̀nù 7 náírà lọ, wọ́n sì lè fi méjèèjì jẹ ẹ́ níyà. Abala 26 ló sún mọ́ ọ̀rọ̀ wa jù: kéèyàn fi kọ̀ǹpútà tàbí fóònù halẹ̀ mọ́ ẹlòmíràn, tàbí kó bú u ní gbangba, torí ẹ̀yà rẹ̀, àwọ̀ rẹ̀, ìran rẹ̀ tàbí ẹ̀sìn rẹ̀. Ìyẹn lè gbé èèyàn dé ẹ̀wọ̀n ọdún 5 tàbí mílíọ̀nù 10 náírà.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà "mọ̀" ní abala 24. Ẹ̀gbọ́n mi oníyọ̀ bọ́ níbẹ̀, torí kò mọ̀. Ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ iyọ̀ náà lákọ̀ọ́kọ́ ni òfin ń wá, òun gan-an ni ẹnikẹ́ni kì í rí mú.

Ní ti rédíò àti tẹlifíṣọ̀n, àjọ NBC ló ń ṣọ́ wọn, wọ́n sì gbé owó ìtanràn ọ̀rọ̀ ìkórìíra láti 500,000 náírà sí mílíọ̀nù 5 ní 2020. Fóònù yín ò sí lábẹ́ NBC. Òfin Ìdìbò tí wọ́n ṣe ní 2022 náà, ní abala 92, kọ̀ kí olóṣèlú máa fi èébú ẹ̀yà tàbí ẹ̀sìn polongo ìbò.

Tí òfin bá pọ̀ tó báyìí, kí ló dé tí àwọn kan ń pariwo pé òfin náà kò dára?

Torí bí wọ́n ṣe kọ abala 24 lákọ̀ọ́kọ́ ni. Ní 2015, ó ka ọ̀rọ̀ tó "múnú bíni" tàbí tó "ni èèyàn lára" mọ́ ẹ̀ṣẹ̀. Ta ni ọ̀rọ̀ kì í bí nínú? Ọ̀gá tí wọ́n bá bi pé níbo lowó wà, inú ń bí i. Bí wọ́n ṣe ń fi gbé oníròyìn àti oníbùlọ́ọ̀gù nìyẹn. SERAP, ẹgbẹ́ kan tó ń jà fún ẹ̀tọ́ ará ìlú, gbé Nàìjíríà lọ sílé ẹjọ́ ECOWAS, ilé ẹjọ́ náà sì sọ ní oṣù kẹta ọdún 2022 pé abala yẹn tẹ ẹ̀tọ́ ọ̀rọ̀ sísọ mọ́lẹ̀, kí ìjọba tún un ṣe. Ọdún méjì ló gbà wọ́n. Àtúnṣe náà dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, síbẹ̀ wọ́n ṣì ń fi mú oníròyìn lẹ́yìn rẹ̀.

Mi ò ní fi èrò tèmi pamọ́. Ẹni tó sọ pé àwọn tí kò gbọ́ Yorùbá dáadáa ni Badoo, títí dòní kò sẹ́ni tó bi í léèrè. Ṣùgbọ́n bí ọmọ kékeré kan bá kọ ọ̀rọ̀ sí èèyàn ńlá lórí Facebook, ọkọ̀ á ti ọ̀nà jíjìn wá gbé e. Ibi tí òfin ń tẹjú mọ́ ni mò ń bá jà. Èébú ni wọ́n ń lé, wọ́n fi ìka tí ń nà sí èèyàn sílẹ̀.

Bàbá Ràṣídì béèrè: ṣé òótọ́ ni pé wọ́n fẹ́ máa so èèyàn rọ̀ torí ọ̀rọ̀ ẹnu?

Wọ́n dá a lábàá lóòótọ́, bàbá. Ní 2019, àbá òfin kan wọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà lórí ọ̀rọ̀ ìkórìíra, ó sì ní ikú nínú fún ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá yọrí sí ikú ẹlòmíràn. Ariwo pọ̀, kò di òfin. Lọ́dún kan náà ni àbá mìíràn tún wọlé lórí irọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì, èyí tí gbogbo ayé mọ̀ sí àbá òfin ìkànnì ayélujára. Ó fara jọ òfin tí Singapore ṣe lọ́dún yẹn. Wọ́n pe àwọn ará ìlú wá sọ tẹnu wọn ní oṣù kẹta ọdún 2020. Ó kú síbẹ̀. Ohun tó ba àwọn èèyàn lẹ́rù nínú rẹ̀ ni pé ìjọba fúnra rẹ̀ ló máa sọ èyí tó jẹ́ irọ́, òun náà ló sì máa pàṣẹ kí wọ́n ti ìkànnì pa. Adájọ́ ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lẹ́yìn tí ọ̀rọ̀ ti tán.

Kí ló dé tí ìjọba ò kàn ti gbogbo ẹ̀ pa?

Wọ́n ti gbìyànjú ẹ̀. Láti ọjọ́ 5 oṣù kẹfà ọdún 2021 títí di ọjọ́ 13 oṣù kìíní ọdún 2022, wọ́n ti Twitter pa ní Nàìjíríà, ọjọ́ 222 gbáko. Ọmọ àbúrò mi tó ń ta bàtà lórí rẹ̀ pàdánù àwọn oníbàárà rẹ̀. Àwọn tó ń pa irọ́ ní VPN, áàpù tó ń gba ẹ̀yìn wọ ìkànnì tí wọ́n tì, wọ́n ń bá tiwọn lọ. Ilé ẹjọ́ ECOWAS sọ ní oṣù keje ọdún 2022 pé títì pa náà kò bófin mu.

Mo lè bú gómìnà?

Ẹ lè bú u. Abala 39 ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa ló fún yín lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ èrò yín, abala 45 ló sì sọ ìgbà tí wọ́n lè dín in kù. Bí ẹ bá pè é ní olè láìní ẹ̀rí, ẹjọ́ ìbanilórúkọjẹ́ ni ìyẹn, ọ̀tọ̀ ni tòun.

Báwo lèèyàn ṣe ń mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti kọjá ààlà?

Ní 2012, àwọn tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé kó jọ parí ìwé kan ní Rabat, ní Mòrókò. Ohun mẹ́fà ni wọ́n ní kí adájọ́ wò: bí ìlú ṣe rí lásìkò yẹn, ẹni tó sọ̀rọ̀, èrò ọkàn rẹ̀, ohun tó sọ àti bó ṣe sọ ọ́, ibi tó dé, àti bóyá jàǹbá lè tẹ̀ lé e lóòótọ́. Gbogbo rẹ̀ lè dà bíi ti ilé ìwé, nítorí náà ẹ jẹ́ ká mú un wá sílé.

Ẹ mú gbólóhùn kan: "Kí wọ́n máa lọ sílùú wọn." Bàbá kan sọ ọ́ nídìí ayò ọlọ́pọ́n ní Àgíríìkì, lẹ́yìn tí ẹlòmíràn jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta léra. Àwọn mẹ́rin ló gbọ́, wọ́n rẹ́rìn-ín, ẹni tí wọ́n ń bú gan-an ló tún ayò tò. Ó burú, kò dára lẹ́nu àgbà, ṣùgbọ́n ẹ̀wọ̀n kọ́ ni oògùn rẹ̀. Ẹ wá mú gbólóhùn kan náà fún olóyè kan tí ọ̀dọ́ ń gbọ́ràn sí lẹ́nu, kó gbà á sílẹ̀ lóhùn ní alẹ́ tí ìdìbò ku ọ̀la, kó fi kún un pé "wọ́n ti kó ìwé ìdìbò ayédèrú pamọ́ sílé báyìí-báyìí", kó sì fi ránṣẹ́ sí ogún gírúùpù. Ọ̀rọ̀ ò yí padà, gbogbo ohun tó yí i ká ló ti yí padà. Irọ́ tó lẹ̀ mọ́ ọn yẹn ló fún àwọn géńdé ní àdírẹ́ẹ̀sì.

Kí ló dé tó fi máa ń burú nígbà ìdìbò?

Torí ó ń ṣe àwọn kan láǹfààní. Ẹ rántí 2023. Nínú ìdìbò ààrẹ ní ọjọ́ 25 oṣù kejì, ẹgbẹ́ Labour borí APC ní Èkó pẹ̀lú ìbò 582,454 sí 572,606. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló wà láàárín ọjọ́ yẹn àti ìdìbò gómìnà ní ọjọ́ 18 oṣù kẹta, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn ni "onílẹ̀" àti "àlejò" gba gbogbo fóònù kan. Nígbà tó di ọjọ́ ìdìbò, wọ́n ń wo ojú èèyàn kí wọ́n tó jẹ́ kó tò. Àwọn ọmọ Yorùbá wà tí wọ́n lé lórí ìlà torí pé wọ́n "jọ Ìgbò". Mo mọ ọ̀kan, ọmọ Ìjẹ̀bú pọ́ńbélé ni. Oríkì ìdílé rẹ̀ ló kà fún wọn kí wọ́n tó fi í sílẹ̀, ó sì ń fi ìyẹn ṣe yẹ̀yẹ́ títí dòní. Mi ò tíì rẹ́rìn-ín sí i rí. Ẹni tí kò ní oríkì tó lè kà ńkọ́?

Àwọn òwe wa ńkọ́? Ṣé wọ́n ò ní kà wọ́n sí ọ̀rọ̀ ìkórìíra?

Ẹnì kan bi mí léyìí láti fi dá mi lágara, ṣùgbọ́n ìbéèrè gidi ni. Nínú ìpàdé yẹn gan-an, àgbà kan dìde, ó fẹ́ kìlọ̀ fún wa nípa ọ̀rọ̀ tá ò gbọ́ délẹ̀, ó ní, "Àgbọ́ọ̀gbọ́tán Ègùn, ìjà ní í dá sílẹ̀." Gbogbo ilé ní "bẹ́ẹ̀ ni". Bàbá Ègùn kan, apẹja láti etí ọ̀sà, jókòó lẹ́yìn, òun náà ní "bẹ́ẹ̀ ni", ó sì wolẹ̀. Kò sófin tó máa mú àgbà wa yẹn, kò sì yẹ kó mú un. Ṣùgbọ́n mo rí ojú bàbá náà.

Iṣẹ́ àwọn ilé iṣẹ́ tó ni Facebook àti TikTok wá ni kí ni?

Iṣẹ́ wọn pọ̀ ju èyí tí wọ́n ń ṣe lọ. Jámánì ṣe òfin ní 2017 pé ohun tó hàn gbangba pé ó tàpá sófin gbọ́dọ̀ kúrò láàárín wákàtí 24, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ owó ìtanràn lè tó mílíọ̀nù 50 yúrò. Ohun tí àwọn èèyàn sọ nígbà náà ni pé ilé iṣẹ́ tí ẹ̀rù bá ń bà á pa ọ̀rọ̀ rere àti búburú rẹ́ pọ̀. Ìparapọ̀ Yúróòpù wá gba ọ̀nà mìíràn: kí ilé iṣẹ́ ńlá yẹ ara rẹ̀ wò fún ewu tó ń fà, kó ṣí ìwé rẹ̀ sílẹ̀ fún àyẹ̀wò, tó bá kọ̀, ìtanràn lè dé ìdá 6 nínú 100 owó tó ń wọlé fún un lọ́dún káàkiri àgbáyé. Èyí ló wù mí jù, torí kò ní kí ìjọba máa ka ọ̀rọ̀ wa lọ́kọ̀ọ̀kan.

Nàìjíríà ní ìlànà tirẹ̀ láti ọwọ́ NITDA, àjọ ìjọba tó ń rí sí ìmọ̀ ẹ̀rọ, ní 2022. Àwọn tó bá sì sọ pé apá wa ò ká àwọn òyìnbó wọ̀nyí, ẹ sọ fún wọn pé FCCPC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo oníbàárà, bu mílíọ̀nù 220 dọ́là lé Meta, ilé iṣẹ́ tó ni Facebook àti WhatsApp, ní oṣù keje ọdún 2024. Lórí dátà àwọn èèyàn ni tìyẹn, kì í ṣe lórí irọ́, ṣùgbọ́n apá ká wọn.

Ìṣòro tó kù ni èdè. Ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ èébú lédè Gẹ̀ẹ́sì kò mọ èébú Yorùbá, kò mọ ìgbà tí "kòkòrò" jẹ́ kòkòrò inú ẹ̀wà àti ìgbà tó jẹ́ èèyàn.

WhatsApp ńkọ́? Ṣé wọ́n lè rí ohun tá a ń kọ?

Wọn ò rí i, ó dà bíi pé wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ tì í láti ọ̀dọ̀ olùfiránṣẹ́ dé ọ̀dọ̀ olùgbà. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé láti 2019, ẹ ò lè fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ síwájú sí ju ibi 5 lọ lẹ́ẹ̀kan. Láti oṣù kẹrin ọdún 2020, èyí tó bá ti rìn jìnnà, ibi kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan. Ọfà méjì tó wà lórí rẹ̀ ni àmì rẹ̀.

Ṣé wọ́n lè mú ádímìn torí ohun tí ọmọ gírúùpù fi síbẹ̀?

Mo wá ara mi nínú òfin yẹn dáadáa, ẹ ò ní mọ bí mo ṣe wá a tó. Kò síbi tó dárúkọ ádímìn. Ṣùgbọ́n bí ádímìn bá mọ̀ pé irọ́ ni, tí òun náà wá tún un fi ránṣẹ́, kì í ṣe ádímìn mọ́, olùfiránṣẹ́ ni.

Ìyá Ìbejì béèrè: tí irú ẹ̀ bá wọlé lóru, kí ni kí n ṣe?

Ẹ kọ́kọ́ wò bóyá ọfà méjì wà lórí ẹ̀. Bó bá jẹ́ àwòrán, ẹ fún ọmọ tó mọ̀ ọ́n kó fi Google wá ibi tó ti jáde rí. Dubawa àti Africa Check ń yẹ irú nǹkan báyìí wò. Bó bá jẹ́ ohùn, ẹ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kejì pẹ̀lú ìbéèrè mẹ́ta lọ́kàn: ta ló ń sọ̀rọ̀, ibo ló wà, ọjọ́ wo ni? Ẹni tó bá ń sọ òótọ́ sábà máa ń dárúkọ àdúgbò. "Àbúrò ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ sójà" kì í ṣe orúkọ. Kódà ohùn ẹni tẹ́ ẹ mọ̀ ò tó mọ́, torí ẹ̀rọ ti ń sín ohùn èèyàn jẹ.

Bó bá ní kí wọ́n kọlu àwọn kan, ẹ má pa á rẹ́. Ẹ ya àwòrán ojú fóònù, kí nọ́ńbà àti aago hàn, ẹ gbé e lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Ọlọ́pàá ní ẹ̀ka tó wà fún ọ̀ràn íntánẹ́ẹ̀tì lọ́tọ̀. Kẹ́ ẹ sì pe ẹni tí wọ́n nàka sí. Ọ̀pọ̀ wa kì í rántí ìyẹn.

Ta ló wá fi ohùn oṣù tó kọjá yẹn ránṣẹ́?

Àgbà wa kan ni, kò sì ní kí n má sọ ọ́. Àna rẹ̀ ní Ìbàdàn ló fi ránṣẹ́ sí i, àna náà gbà á nínú gírúùpù ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí mo fi etí sílẹ̀ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kejì, mo gbọ́ tí ẹni náà ń sọ̀rọ̀ ìdìbò tó ku ọ̀la. Kò sí ìdìbò kankan lóṣù tó kọjá. Ohùn àtijọ́ ni, wọ́n gé iwájú ẹ̀ kúrò.

Àgbà wa lọ bẹ ìyá onítòmátì fúnra rẹ̀, ó ra agbọ̀n kan tí kò nílò. Ìyá náà ti padà sí ìkóríta. Tẹ́lẹ̀, à ń rà lọ́wọ́ rẹ̀ títí aago mẹ́jọ alẹ́. Ní báyìí, tó bá ti lu aago márùn-ún, á ti máa palẹ̀ mọ́.